Àtẹ Oníṣẹ́-Ọnà láti Ilẹ̀ Òkun dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ọ̀rọ̀ lórí Orúkọ àti Iye

Nínú ohun tí a ti kọ nípa iṣẹ́-ọnà Yorùbá, bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà ni ó gba àwọn onímọ̀ lọ́kàn jù: irú igi tí agbẹ́gilére ń lò, bí aláró ṣe ń pa aró, ohun tí àmì ara ère ń tọ́ka sí. Ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ń gbà dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á kò rí olùwádìí tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí oníṣẹ́-ọnà tí kì í jẹun. Àpilẹ̀kọ yìí dá lé àtẹ tí oníṣẹ́-ọnà ń pa, pàápàá èyí tí ó gbòde láti nǹkan bí ọdún 2010, ìyẹn àtẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlú tí àlàyé náà yóò máa padà sí ni Ifẹ̀-Olúkòtún ní ilẹ̀ Yàgbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ìdí tí ó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé èrò kan ti gbilẹ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì ti sọ ibi tí ènìyàn ń gbé di ohun tí kò já mọ́ nǹkan, àti pé ó ti pa alágbàtà rẹ́ kúrò láàárín oníṣẹ́-ọnà aláwọ̀ dúdú àti oníbàárà rẹ̀. Kò ṣòro láti gba irú èrò bẹ́ẹ̀ gbọ́ ní Èkó. Ìlú tí ó jìnnà sí gbogbo ilé ìpàtẹ ni ó yẹ kí a ti dán an wò.

Ọ̀rọ̀ náà, àtẹ, fẹ́ àlàyé díẹ̀. Ẹni tí ó pàtẹ nínú ọjà a gbé pákó kalẹ̀, a to ọjà rẹ̀ sí orí rẹ̀, a sì jókòó tì í. Ohun mẹ́ta ni ó pàdé níbẹ̀: ọjà, ojú ẹni tí ó ni ín, àti ẹnu tí a fi ń ná an. Àwọn àgbà sì ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjà ń hàn, ojú lè má hàn, ọjà níná sì ti di ọ̀rọ̀ tí a ń kọ ránṣẹ́. Síbẹ̀ àtẹ náà ni. Ìyàtọ̀ tí ó wúwo jù ni ti onílẹ̀. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí a pàtẹ sí kì í ṣe ọba tàbí ìyálọ́jà tí a lè lọ kí ní àárọ̀ kí a sì bẹ̀ ní alẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní California ni, kò sì mọ ẹnikẹ́ni.

Àtẹ àtijọ́

Àwọn Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ ni a ń pè ní Òkun lápapọ̀, láti inú ìkíni tí ó wà lẹ́nu gbogbo wọn. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ẹkùn Kàbbà ní apá Àríwá ni a kó wọn sí. Wọ́n bá Kwara lọ nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, wọ́n sì di ara Kogí ní 1991. Ètò ìjọba yìí ní ohun tí ó ṣe nínú ọ̀rọ̀ títa iṣẹ́-ọnà ju bí àwọn òpìtàn ti sábà ń gbà lọ. Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Òṣogbo, níbi tí yunifásítì, ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé àti àwọn òyìnbó olùfẹ́ iṣẹ́-ọnà ti pàdé ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé 1950, wà ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ Òkun tí ó bá fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ òun níláti kọjá ààlà.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ kò sí nílé. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Òkun ti ń hun aṣọ lórí òfì tí ó dúró lóòró ṣáájú kí òyìnbó tó dé. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni aṣọ pupa ti Bùnú, aṣọ ìpò, tí a ń lò fún ìsìnkú àwọn ènìyàn ńlá àti fún ẹ̀wù egúngún. Nínú òwú pupa tí a tú láti ara aṣọ òkèèrè, àní láti ara búláńkẹ́ẹ̀tì pàápàá, ni wọ́n ti ń rí àwọ̀ pupa tí wọ́n ń hun mọ́ ọn. Ẹ̀rí nìyí pé ọjà ayé ti wọ inú òfì àwọn obìnrin wọ̀nyí tipẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ ra irú aṣọ bẹ́ẹ̀ mọ ilé ẹni tí yóò hun ún. Ẹni tí ó hun ún mọ òkú tí a fẹ́ fi bò. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti kọ orúkọ sí etí aṣọ.

Nígbà tí aṣọ náà kúrò nílé ni àìkọ orúkọ di àdánù. Àwọn tí ó kó irú aṣọ wọ̀nyí lọ sí àwọn ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun kọ orúkọ ẹ̀yà àti ti ìlú sí i. Wọn kò bèèrè orúkọ obìnrin tí ó jókòó sí ìdí òfì. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ti rí nìyẹn pẹ̀lú. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí Wembley ní 1924 fún Ìpàtẹ Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará British Museum rí i, wọ́n fẹ́ ẹ, Ògògà sì gbà á ní pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ìtẹ́ tí wọ́n ṣe fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A lè sọ pé ọba náà ná ọjà dáadáa. Ṣùgbọ́n Olówẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn, kò sí nínú ìnájà náà, ó sì pẹ́ kí àwọn tí ó ń wo ilẹ̀kùn náà ní Lọ́ńdọ̀nù tó máa dárúkọ rẹ̀. Àtẹ tí ó tóbi jù ní ayé ìgbà náà gbé iṣẹ́ rẹ̀ hàn, ó sì fi òun fúnra rẹ̀ pamọ́.

Láti ìgbà náà ni a ti lè ka ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìwákiri orúkọ. Ainá Onábòlú ta àwòrán ojú àwọn gbajúmọ̀ Èkó, ó sì tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde fúnra rẹ̀ ní 1920 láti fi ye àwọn ènìyàn ìdí tí iṣẹ́ òun fi yẹ ní rírà. Akínọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, rí àtẹ tirẹ̀ nínú ìwé ìròyìn: àwòrán ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ nínú West African Pilot dé ọwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò lè dé ilé ìpàtẹ kankan láéláé, "Lash" ni ó sì ń kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, láti 1947 sí 1954, Fadá Kevin Carroll kó àwọn agbẹ́gilére jọ láti gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún ìjọ Àgùdà. Bándélé ọmọ Aréògún ará Òsì àti Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá wà nínú wọn. Oníbàárà yí padà láti ọ̀dọ̀ ọba sí ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn agbẹ́gilére náà wọ inú ìwé, Fákẹ́yẹ sì fi tirẹ̀ rìn yí ayé ká.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ìpàtẹ ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ aláwọ̀ dúdú, àjọ Harmon Foundation ni ó di àtẹ fún wọn ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé 1926. Àjọ náà gbé iṣẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà náà hàn kí ó tó kógbá sílé ní 1967. Àwọn oníṣẹ́-ọnà dúdú kan nígbà náà ṣe àríwísí rẹ̀ pé ó ń fi àwọ̀ ara kó àwọn sójú kan, dípò kí ó wo iṣẹ́. Àríwísí yẹn kò tíì kú. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá pa George Floyd ní oṣù karùn-ún 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn rọ́ lọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì láti wá iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú rà, ìbéèrè kan náà sì tún yọjú: ṣé iṣẹ́ ni wọ́n ń rà, àbí àánú?

Láti Ògìdì dé Òṣogbo

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi bí ọmọ Òkun ṣe ń wá àtẹ hàn jù ni Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye, tí a bí ní Ògìdì-Ìjùmú ní 1951. Ìyá rẹ̀ tètè kú, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ tí ó jẹ́ ahunṣọ àti aláró ni ó sì gbé kọ́ iṣẹ́. Kò sí ilé-ìwé iṣẹ́-ọnà kankan nínú ìtàn yẹn. Ìdílé ni ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n Ògìdì kò lè ra ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Òṣogbo ni ó ti rí àtẹ.

Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní ìlú náà. Inú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkurú tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni a ti rí Twins Seven-Seven, Jímọ̀ Bùráímọ̀, Muráínà Oyèlámì, Rufus Ògúndélé àti àwọn mìíràn. Orúkọ àwọn wọ̀nyí dé Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kíákíá. Wọ́n ní ẹ̀bùn, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn nìkan kọ́ ni ó gbé wọn dé ibẹ̀. Beier ni ó ń kọ ìwé, òun ni ó mọ àwọn tí wọ́n ní ilé ìpàtẹ, òun ni lẹ́tà rẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn. Ó kúrò ní Nàìjíríà ní 1966, àwọn oníṣẹ́-ọnà náà sì níláti wá ọ̀nà tí wọn yóò fi máa dá ta ọjà wọn. Àwọn kan rí i, àwọn kan kò rí i.

Níkẹ̀ẹ́, tí ó ti fẹ́ Twins Seven-Seven, wà nínú ayé yẹn, ojú rẹ̀ sì là sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà kò kà sí: ẹni tí kò ní ilẹ̀ tirẹ̀ yóò máa pàtẹ sí ilẹ̀ olóore. Ní 1983 ó dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ, bàtíìkì àti iṣẹ́ mìíràn láìgba owó. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé 1990 ó gbé iṣẹ́ padà sí Ògìdì fún àwọn obìnrin ahunṣọ. Ní 2009 ó ṣí ilé ìpàtẹ ńlá sí Lẹ́kí ní Èkó. Bí a bá to àwọn ibi wọ̀nyí sójú kan, ohun tí ó ṣe yóò hàn kedere: Ògìdì ni wọ́n ti ń hun, Òṣogbo ni wọ́n ti ń kọ́, Èkó ni wọ́n ti ń tà. Ọ̀nà gígùn kan ni, obìnrin Òkun kan ni ó sì di ìdí àti orí rẹ̀ mú.

Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ ṣáájú kí fóònù tó lè ya àwòrán tó gbe tó di ohun gbogbo ènìyàn. Níkẹ̀ẹ́ kò dúró de íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ó kọ́, ìyẹn ilẹ̀, orúkọ àti àwọn oníbàárà tí wọ́n mọ ojú rẹ̀, ni íntánẹ́ẹ̀tì wá bá nílẹ̀.

Àtẹ tuntun

Fóònù alágbèéká ti GSM wọ Nàìjíríà ní 2001; Instagram bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Láàárín ọdún díẹ̀, oníṣẹ́-ọnà tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ síwájú ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Agbára ńlá ni, kò sì yẹ kí òpìtàn kankan fojú kékeré wò ó. Àpẹẹrẹ tí a sábà ń mú wá ni ti Láolú Ṣénbánjọ. Ìlọrin ni a ti bí i, nígbà tí Ìlọrin àti ilẹ̀ Òkun ṣì jọ wà nínú ìpínlẹ̀ kan. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, ó sì ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Àbújá kí ó tó kó lọ sí New York ní 2013. Ó ń ya ọnà sára ohun gbogbo, títí kan bàtà àti ara ènìyàn, ó sì ń gbé àwòrán wọn sí Instagram. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ bàtà Nike bá a ṣiṣẹ́ pọ̀. (Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà àti ti obìnrin Ògìdì jọra lójú ìwé, wọn kò jọra lẹ́nu.) Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, ọnà tí ó yà sára àwọn oníjó hàn nínú fíìmù Lemonade ti Beyoncé, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tí ń jẹ́ ọ̀nà orí.

Ìtàn dídùn ni. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn tí ń sọ ọ́ ti máa ń tètè kọjá ni ohun tí ó wà láàárín 2013 àti 2016. Brooklyn ni ó ń gbé. Nígbà tí wọ́n rí iṣẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè pè é kí ó wá ní ọ̀la, wọ́n sì lè san owó fún un láìsí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ pé Ìlọrin ni wọ́n ti rí i, ìwé àṣẹ ìrìn-àjò nìkan ti tó láti jẹ́ kí iṣẹ́ náà kọjá lórí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì fi ohun kan náà hàn láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Ní oṣù keje 2018, Ààrẹ Macron ti ilẹ̀ Faransé lọ sí Áfíríkà Ṣíráìnì ní Ìkẹjà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan, Kareem Waris Ọlámilékan, ya àwòrán rẹ̀ níbẹ̀. Ààrẹ náà kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ náà sì di ẹni mímọ̀ jákèjádò ayé ní ọjọ́ kejì. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ó gbé orúkọ rẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n Macron kò lè pàdé rẹ̀ ní Ifẹ̀-Olúkòtún.

Àwọn alágbàtà àtijọ́ pàápàá kò parẹ́. Wọ́n kó wọ inú àtẹ tuntun náà ni. Ìtàn àwòrán Tutu ti Ben Enwonwu, èyí tí ó yà nípa Adétutù, ọmọ ọba Ifẹ̀, jẹ́ ẹ̀rí kan. Bonhams tà á ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kejì 2018 ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, wọ́n sì ń fi ìtàjà náà hàn lójú ẹsẹ̀ fún àwọn tí wọ́n péjọ ní Èkó. Ní 2019, ìdílé kan ní Amẹ́ríkà tí kò mọ iyì àwòrán tí ó wà lára ògiri wọn fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí Sotheby's lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Christine, iṣẹ́ Enwonwu ti 1971, ni, wọ́n sì tà á ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan àti ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, iye tí ó ju ìlọ́po méje ohun tí wọ́n ti fojú dá lọ. Enwonwu ti kú láti 1994. Àtẹ tuntun wá iṣẹ́ rẹ̀ rí, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ògiri ni ó gba owó.

Ọ̀nà owó

Bí ọ̀dọ́ kan ní Ifẹ̀-Olúkòtún bá ya àwòrán, tí ẹnìkan ní Toronto rí i tí ó sì fẹ́ ẹ, ohun tí ó kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà mọ́. Àkọ́kọ́ ni bí owó yóò ṣe wọlé. PayPal ṣílẹ̀kùn fún àwọn ará Nàìjíríà ní 2014, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún owó lè jáde níbẹ̀, kò lè wọlé. Òǹrajà ni wọ́n gbà wá láyè láti jẹ́, wọn kò gbà wá láyè láti jẹ́ òǹtajà. Ó ṣòro láti rí àpẹẹrẹ tí ó ju èyí lọ nípa ẹni tí ó ni ilẹ̀ ọjà. Paystack, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 2015, tú díẹ̀ nínú ìdè náà kí Stripe tó rà á ní 2020. Àwọn mìíràn gbára lé ìbátan tí ń gbé ní òkè òkun láti bá wọn gba owó, ìyẹn ni pé alágbàtà ti di ẹ̀gbọ́n tàbí ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Nígbà tí òwò iṣẹ́-ọnà orí kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní NFT gbòde ní 2021, ó dà bí ẹni pé ọ̀nà mìíràn ti là: Osinachi, ọmọ Nàìjíríà, dé ọ̀dọ̀ Christie's ní ọdún náà. Ọdún kan náà, ní oṣù kejì, ni Báǹkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báǹkì má ṣe bá owó orí kọ̀ǹpútà ṣe mọ́, àṣẹ tí wọn kò sì tú títí di ìparí 2023. Ọjà NFT fúnra rẹ̀ ti wó lulẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Èkejì ni bí iṣẹ́ yóò ṣe jáde. Àṣẹ àjọ tí ń ṣàbójútó ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé, tí òfin 1979 gbé kalẹ̀, ni iṣẹ́-ọnà ń bá kọjá ẹnubodè. Òfin tí a ṣe nítorí àwọn olè tí ń jí ère àtijọ́ ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya tirẹ̀ ní oṣù tó kọjá náà níláti fi hàn pé kì í ṣe ti àtijọ́. Ìrìn-àjò nítorí ìwé kan láti ilẹ̀ Yàgbà lè jẹ èrè àwòrán kékeré tán.

Ẹ̀kẹta, tí ó burú jù, ni ti àwòkọ. Ohun tí a gbé sójú ayé, ayé lè mú un. Àwọn aládìrẹ ti rí i: ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ṣáínà ń tẹ ọnà tí ọwọ́ fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe, ó sì ń padà wá ní owó pọ́ọ́kú. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá ọjà àdìrẹ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2020 fún àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta. Ó rọrùn fún wọn láti ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọjà Ìtòkú ti wà, orúkọ Abẹ́òkúta sì ti lẹ̀ mọ́ àdìrẹ láti ìran mẹ́ta sẹ́yìn. Òfin Ẹ̀tọ́ Aṣẹ̀dá tuntun, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, fún oníṣẹ́-ọnà ní agbára láti ní kí wọ́n yọ ohun tí wọ́n jí kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí yóò lo agbára yẹn níláti fi hàn pé òun ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Fún ẹni tí ó ya àwòrán tí ó sì fọwọ́ sí i, kò nira púpọ̀. Fún ahunṣọ tí ọnà tí ó ń hun jẹ́ ti ìyá ìyá rẹ̀ àti ti gbogbo obìnrin àdúgbò, ta ni òfin yóò pè ní aṣẹ̀dá?

Láti 2007 ni British Museum ti gbé àkójọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tí ó ní fóònù ní Ifẹ̀-Olúkòtún lè wò ó láìsan owó ìwọlé, àyàfi owó dátà. Ilẹ̀kùn Ògògà wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ Olówẹ̀ ará Ìsẹ̀ lára rẹ̀. Ní ti aṣọ tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Òkun hun, orúkọ ẹ̀yà ni ó sábà máa ń wà ní ibi tí orúkọ ẹni tí ó hun ún ì bá wà.